Ṣé Ilé Yín Ní Fẹ́ǹsì?

Jíìpù ni ọkùnrin yẹn gbé wá o. Jíìpù ńlá, ó páàkì ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, ó ní òun gbọ́ pé a máa ń fún èèyàn lájá lọ́fẹ̀ẹ́, òun fẹ́ mú méjì. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ló ti ń ṣí bùútù, tó ń mú àpò ìrẹsì òfìfo àti okùn jáde. Màmá, ẹni tá a ti ń tọ́jú ajá tí wọ́n jù síta ní ẹ̀yìnkùlé ẹ̀, fa bẹ́ǹṣì fún un, ó ní kó jókòó, ó ṣẹ́wọ́ sí mi pé kí n mú fọ́ọ̀mù wá. Àdúgbò wo lẹ ń gbé sà? Ilé tara yín ni àbí ẹ rẹ́ǹtì ẹ̀? Ṣé ilé yín ní fẹ́ǹsì? Tẹ́ ẹ bá rìnrìn-àjò, ta ló máa fún un lóúnjẹ? Ẹ ti sin ajá rí? Kí ló padà ṣe é? Ibi tá a dé nìyẹn tí ọkùnrin yẹn fi dìde. Ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn yìí, ṣé ìyàwó ni mo wá fẹ́ níbí ni?"

Màmá ní, "Ó kúkú jọ bẹ́ẹ̀ sà."

Bó ṣe wọ jíìpù ẹ̀ padà nìyẹn. Inú bí mi lọ́jọ́ náà, mi ò ní parọ́. Ajá mọ́kànlá ló wà nílẹ̀, níbi tí kò gba ju mẹ́fà lọ, gàrí ti ń lọ sísàlẹ̀ àpò, ọmọ iléèwé tó yẹ kó wá fọ ilé wọn láàárọ̀ ní òun ní tẹ́ẹ̀sì, ẹnì kan wá fẹ́ bá wa gbé méjì kúrò ńbẹ̀, a wá ń fi ìbéèrè lé e lọ. Mo sọ ọ́ fún Màmá bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Kò dá mi lóhùn títí a fi bu omi sí gbogbo abọ́ tán, ó wá ní, "Okùn yẹn ńkọ́? Ajá wo lèèyàn ń gbé lọ sílé nínú àpò?"

Mi ò mọ nǹkan tó fẹ́ fi wọ́n ṣe o. Ó lè jẹ́ pé kò fẹ́ kí wọ́n ba síìtì ọkọ̀ ẹ̀ jẹ́ ni. Ó sì lè jẹ́ nǹkan míì. A ò bèèrè tán kó tó lọ, ìyẹn náà sì wà lọ́kàn mi títí dòní.

Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ni mo ní ní Òkè-Odò, ní Tánkẹ̀. Fótókọ́pì, POS, kí n bá yín fi nǹkan ránṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá mọ Òkè-Odò mọ̀ pé àwọn ọmọ Unilorin ló ń bọ́ gbogbo wa níbẹ̀, tí wọ́n bá ti lọ hólidé, àwa náà á káwọ́ lẹ́rán. Irú àsìkò bẹ́ẹ̀ ni Màmá wọlé, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, ó kọ nǹkan sórí fúlúskáàpù méjì, ó ní kí n bá òun tẹ̀ ẹ́. Ìbéèrè 22, gbogbo ẹ̀ lórí ẹni tó bá fẹ́ gba ajá. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Mà, fọ́ọ̀mù tí mo fi wọ yunifásítì ò gùn tó báyìí." Òun náà rẹ́rìn-ín, ó sanwó, ó lọ. Ìgbà kẹta tó máa wá fọ́tókọ́pì ẹ̀ ni mo bi í pé ajá wo gan-an là ń wí yìí ná, ó ní kí n máa bọ̀ ká lọ wò ó. Mo pa ṣọ́ọ̀bù dé. Mo rò pé mi ò ní lò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ẹ má fojú inú wo ọ́fíìsì tàbí sáìnbọ́ọ̀dù o. Ẹ̀yìnkùlé Màmá ni, wọ́n fi pákó àti páànù dá a sí yàrá yàrá, àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà ẹranko ní Unilorin ló ń wá lọ́wọ̀ọ̀wọ́ láti tọ́jú wọn, èyí tó bá ju agbára wọn lọ, a máa gbé e lọ ọ́síbítù ẹranko. Gúrúùpù WhatsApp kan wà tá a ti ń tọrọ owó, ó wá kan èmi tí mo ní príńtà, ni wọ́n bá ní èmi ni sẹ́kítírì.

Èèyàn máa ń rò pé ìkà ló ń ju ajá síta. Ìkà wà ńbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pè wá ló fẹ́ràn ajá wọn dáadáa. Ọmọ iléèwé ra ọmọ ajá ní 200 level, ó ń gbé e sórí Instagram, wọ́n jọ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì, àfi bí lẹ́tà NYSC ṣe dé tí wọ́n gbé e lọ sí Kébbí, ó wá pè wá lálẹ́ ọjọ́ tí ìrìn-àjò ku ọ̀la, ó ń sunkún lórí fóònù. Ẹlòmíì, físà Kánádà ló jáde. Ẹlòmíì, lándílọ́ọ̀dù ló ní "Ajá àbí ilé, mú ọ̀kan." Mi ò lè bá wọn jà. Ohun tí mo kàn máa ń bi ara mi ni pé lọ́jọ́ tí wọ́n ń rà á, ṣé kò sẹ́ni tó bi wọ́n pé lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ńkọ́? Ẹni tó ń tà á ò lè bèèrè, owó ẹ̀ ló ń wò. Ajá sì lè lo ọdún mẹ́wàá, kó tiẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀.

Àwọn ajá òkè òkun yẹn tún ni tiwọn. Caucasian, ajá orí òkè Caucasus níbi tí yìnyín ti ń já, irun ẹ̀ nípọn bíi káńpẹ́ẹ̀tì, ẹnì kan lọ ra ìyẹn wá sí Ìlọrin. Ìlọrin oṣù March! Tí àwa tá a bí síbí pàápàá ń fi omi tútù sára kí oorun tó kùn wá, tí iná ò sí. Wọ́n gbé ọ̀kan wá fún wa nígbà kan, ńṣe ló fi ikùn lélẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì tá a da omi sí, kò dìde láti aago mọ́kànlá títí oòrùn fi wọ̀. Ìyẹn ò sì pẹ́ rílé, èèyàn mọ́kàndínlógún ló pè lórí ẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì. Ṣùgbọ́n èkùkẹ́, ajá tiwa, tó mọ oòrùn, tó mọ òjò, tí inú ẹ̀ gba ẹ̀bà àti egungun panla, tí wọ́n bá ti rí i wọ́n á ní "Áà, ṣé èkùkẹ́ náà ni?" Wọ́n á sì máa lọ. Tó bá wá lọ jẹ́ abo, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Abo máa ń lóyún bíi ọjọ́ 63 péré, ó lè bí mẹ́fà, ó lè bí mẹ́jọ, ẹni tí kò bá fẹ́ ìyẹn á kó àwọn abo inú wọn sínú páálí Indomie, á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààtàn kílẹ̀ tó mọ́.

Ajá bàbá mi, èkùkẹ́ ni. Tanímọ̀la lorúkọ ẹ̀. Òmù-Àrán la wà nígbà yẹn. Àwọn àgbà wa mọ ajá sọ lórúkọ, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa, gbogbo Bingo àti Jack yìí, ẹ̀yìn ni wọ́n dé. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tí kò lè sọ lójú aládùúgbò, ajá ló máa fi sọ lórúkọ, tó bá di àárọ̀ á dúró lẹ́nu ọ̀nà á máa fi gbogbo ohùn pè é, ajá á máa bọ̀, ẹni tọ́rọ̀ kàn á gbọ́ nínú ilé ẹ̀, kò sì sí bó ṣe máa bínú torí kò sẹ́ni tó dárúkọ ẹ̀. Mi ò mọ ẹni tí bàbá mi ń bá wí. Nígbà tí wọ́n gbé e ní tíráńsífà wá sí Ìlọrin, lọ́jọ́ tá a ń kó ẹrù, ọkùnrin kan tó fi Suzuki wá ra àga wa àtijọ́ ní òun á kúkú mú ajá yẹn náà. Bàbá mi ní kó mú un. Ó gbé e síwájú, sórí táǹkì alùpùpù, ó fi ọwọ́ kan dì í mú, ajá yẹn ń wo ẹ̀yìn títí wọ́n fi yí kọ́nà. Mi ò ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ. Mo bi bàbá mi níbo ni wọ́n ń gbé e lọ, ó ní ibi tó dáa. Kò bi ọkùnrin yẹn lórúkọ. Kò bi í nílùú. Èèyàn dáadáa ni bàbá mi o, kì í na ajá, òun fúnra ẹ̀ ló máa ń tú eégbọn lára ẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ó kàn jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń bèèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn.

Ìbéèrè kejìlélógún tó wà nísàlẹ̀ fọ́ọ̀mù Màmá ni "Ṣé a lè wá wò ó?" Nígbà tí mo ń tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ibẹ̀ ni mi ò ti rẹ́rìn-ín mọ́.

Àwọn ará Èkó tó bá rí wa lórí fóònù máa ń bèèrè pé ṣé irú iṣẹ́ yìí ṣe é ṣe ní Ìlọrin ṣá, ìlú àáfà. Ó ṣe é ṣe. Kò rọrùn, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n rò pé ìṣòro wà kọ́ ló wà. Mọ́ṣáláṣí kan wà lẹ́yìn ilé Màmá, a ti rò pé ibẹ̀ ni wàhálà á ti bẹ̀rẹ̀. Àáfà ibẹ̀ wá lóòótọ́, ó jókòó, nǹkan méjì péré ló bèèrè: kí ajá má máa gba iwájú mọ́ṣáláṣí kọjá, kí wọ́n má máa gbó nígbà tí wọ́n bá ń kírun àsùbáà. Màmá wá ń dìde ṣáájú ìpè láti fún wọn lóúnjẹ, ajá tó ń jẹun kì í gbó. Ọ̀rọ̀ itọ́ ajá àti àlùwàlá, Àáfà ló là á yé mi pé lọ́nà ti Imam Malik tí wọ́n ń tẹ̀lé ní Ìlọrin, ara ajá tó wà láàyè kì í ṣe nájísì, abọ́ tó bá fẹnu kàn lèèyàn máa fọ̀ lẹ́ẹ̀meje. Ó tún sọ hádíìsì ọkùnrin tí òùngbẹ ń gbẹ lójú ọ̀nà, tó sọ̀ kalẹ̀ sínú kànga lọ mu omi, tó jáde tó bá ajá tó ń lá ilẹ̀ tútù, tó tún padà wọ inú kànga, tó bu omi sínú bàtà ẹ̀, tó fi eyín gbé bàtà yẹn gòkè wá torí ọwọ́ méjèèjì ló fi ń gun kànga, tí Ọlọ́run sì forí jì í. Mo ti gbọ́ hádíìsì yẹn rí ní ilé-kéwú, ṣùgbọ́n mi ò fi bẹ́ẹ̀ kíyè sí ibi tó ti fi eyín gbé bàtà.

Àáfà yìí kan náà ló pè wá nígbà tí ọ̀gbàrá gbé ajá kan wọ abẹ́ kọ́fáàtì. Mo sì ti débi ilé àwọn onígbàgbọ́ (ẹbí ìyá mi, ẹ má bínú) tí wọ́n so ajá mọ́ ìdí jẹnẹrétọ̀ pẹ̀lú ṣéènì tí kò gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, wọ́n ní sìkiọ́rítì ni.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí tó dùn mí jù kí n lè kúrò ńbẹ̀. Wọ́n gbé páálí kan wá láti Gáà Àkànbí, ọmọ ajá márùn-ún, wọ́n mọ́ra, ikùn wọn yọ. A fún wọn lóògùn aràn nínú wàrà. (Wàrà ni àṣírí wa. Kò sí ajá tó máa rí wàrà Fúlàní tó máa ronú pé oògùn wà nínú ẹ̀, ẹyọ kan ni wọ́n ń fi ṣe tiwọn, méjì ni ti àwọn ọmọ iléèwé tó wá fún wọn lóògùn.) Lọ́jọ́ kẹta ọ̀kan ò jẹun mọ́. Nígbà tó di alẹ́ ó ń bì, ó sì ń ṣu ẹ̀jẹ̀. Òórùn ẹ̀jẹ̀ yẹn, ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan kò lè gbàgbé ẹ̀. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà yẹn dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò tíì wọlé, ó ní "Parvo ni." Kò sí oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn yẹn, omi ni wọ́n máa fà sí i lára, wọ́n á gún abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kó máa bì, wọ́n á sì máa wo Ọlọ́run. Mẹ́rin kú láàárín ọjọ́ márùn-ún. Páálí yẹn, a dáná sun ún, a fi bílíìṣì fọ gbogbo ilẹ̀, torí kòkòrò yẹn lè wà nínú ilẹ̀ fún ọdún kan gbáko, fún ọ̀pọ̀ oṣù a ò gba ọmọ ajá kankan sí apá ibẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó ń dènà ẹ̀ sì wà o. Ọmọ ajá tó bá ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á tún máa gún un léraléra títí tó fi máa pé bí oṣù mẹ́rin. Ẹni tó bá ń ta ajá fún yín tí kò ní káàdì abẹ́rẹ́, ẹ bèèrè.

Ojú títì tó gba Ganmọ ni wọ́n ti pè wá lórí abo èkùkẹ́ kan tí ọkọ̀ gbá. Wọ́n máa ń sọ pé ajá tó rí mọ́tò tó dúró, ara ẹ̀ ló fi bọ Ògún. Èyí ò dúró, ó fẹ́ sá, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ kan ló kàn fọ́ yángá. Gbogbo ìwé tí mo ti tẹ̀ fún àwọn ọmọ yẹn ló sọ pé tí ẹ bá fẹ́ gbé ajá tó fara pa, ẹ fi aṣọ di ẹnu ẹ̀ ná. Èmi sẹ́kítírì, mo kàn bẹ̀rẹ̀ mo gbé e. Ó fi eyín gbá ọwọ́ mi mú.

Ká tó pajú pẹ́ẹ́, èèyàn ti pé lé mi lórí. Ìyá kan tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun ní kí wọ́n gé irun ajá yẹn kí wọ́n jó o mọ́ epo kí wọ́n fi sí i. Ẹnì kan ní ata. Màmá ò dá ẹnikẹ́ni lóhùn, ó ra ọṣẹ níbẹ̀, ó gbé kẹ́ẹ̀gì omi látinú ọkọ̀, ó ń da á sí mi lọ́wọ́, èmi ń fọ̀, ó gbé fóònù ẹ̀ sílẹ̀ ó ń wo aago, ìṣẹ́jú 15 gbáko. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò, kẹ́ ẹ mọ bí ìṣẹ́jú 15 ṣe gùn tó. Dìgbòlugi kì í ṣe eré. Tó bá ti fara hàn lára èèyàn, ẹni tó yè é kò tó nǹkan rárá láyé, àjọ ìlera àgbáyé WHO ní nǹkan bí 59,000 èèyàn ló ń pa lọ́dọọdún, Áfíríkà àti Éṣíà ló pọ̀ sí jù, ajá ló sì ń kó o ran 99 nínú 100 wọn. Ọ́síbítù àkọ́kọ́ tá a dé, abẹ́rẹ́ tán. Ìkejì ní, wọ́n sì ṣírò owó ẹ̀ fún mi, mo ní ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ n jókòó ná.

Ajá yẹn, ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n ní ká fi ṣọ́ ọ. Tí ajá tó bu èèyàn jẹ bá wà láàyè tí ara ẹ̀ le lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, kò ní dìgbòlugi nínú itọ́ lọ́jọ́ tó bù ú jẹ. Bí àwọn ọmọ iléèwé ṣe ń wá wo rìsọ́ọ̀tì JAMB ní ṣọ́ọ̀bù mi, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń lọ wo ajá yẹn láràárọ̀. Ṣó jẹun? Ṣó mumi? Ṣé bó ṣe ń wò mí yìí, bí wọ́n ṣe ń wo èèyàn nìyẹn? Wọ́n ti gé ẹsẹ̀ yẹn kúrò. Nígbà tọ́jọ́ kẹwàá fi máa pé, ó ti sanra jù mí lọ, ó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́ta sáré yí ọgbà ká, àwọn ọmọ yẹn sì ti sọ ọ́ ní Màrúwá.

Wọ́n yọ ilé-ọmọ ẹ̀ náà pẹ̀lú, a kì í gbé abo fún èèyàn láìṣe bẹ́ẹ̀. Ti akọ la máa ń jà lé lórí. Tá a bá ti ní a fẹ́ tẹ ajá lọ́dàá, ẹ wo ojú àwọn ọkùnrin! Wọ́n á pa ẹsẹ̀ pọ̀. Bàbá kan ní, "Kí ló wá kù tó fẹ́ máa fi ṣọ́lé?" Mo ní, "Eyín ni sà."

Oṣù mẹ́sàn-án ni Màrúwá lò lọ́dọ̀ wa. Èkùkẹ́, abo, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ta ló fẹ́? Ó wá di ọjọ́ kan, obìnrin kan wọlé láti Ọ̀rọ̀, télọ̀ ni, ọ̀rọ̀ ìwé ọmọ ẹ̀ ló gbé e wá sí Tánkẹ̀, ṣọ́ọ̀bù mi ló yà, ó rí fọ́tò tí mo lẹ̀ mọ́ ògiri. Ó ní òun fẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yẹn. Mo fún un ní fọ́ọ̀mù, ó jókòó ó ń kọ ọ́. Ìbéèrè kẹrin, ṣé ilé yín ní fẹ́ǹsì: ó kọ "Rárá." Mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ parí. Mo gbé e fún Màmá lálẹ́ nítorí pé mo gbọ́dọ̀ gbé e fún un ni. Màmá wo fẹ́ǹsì, ó ṣí i kọjá. Ó dé ìbéèrè kọkàndínlógún, "Tí ẹ bá máa kó kúrò níbi tí ẹ wà, kí lẹ máa ṣe sí ajá?" Gbogbo èèyàn, láìyọ ẹnì kan sílẹ̀, "Màá mú un dání" ni wọ́n máa ń kọ síbẹ̀. Ọmọ NYSC kọ ọ́. Ẹni tó ti ń wá físà kọ ọ́. Obìnrin yìí kọ "Mi ò tíì mọ̀. Màá pè yín."

Màmá bọ́ jígí ojú ẹ̀. Ó ní kí n pè é kó wá gbé ajá ẹ̀.

Oṣù méjì lẹ́yìn ìgbà yẹn wọ́n rán mi lọ wò ó. Mo wọ ọkọ̀ ní Ọ̀fà Gàréèjì, Ìdófìàn, Àjàṣẹ́ Ìpo, mo sọ̀ ní Ọ̀rọ̀, mo ra búrẹ́dì dání, mo tún di wàrà sínú ọ̀rá fún ajá. Lójú tèmi, ajá yìí jẹ mí ní gbèsè, mo fi ẹ̀jẹ̀ mi rà á ni. Mo ti ń rò ó nínú ọkọ̀ bó ṣe máa rí mi tí á máa ju ìrù.

Ilé yẹn ò ní fẹ́ǹsì lóòótọ́. Igi máńgòrò kan ló wà níwájú, ẹ̀rọ ìránṣọ wà lábẹ́ ẹ̀, àwọn ọmọ iṣẹ́ méjì jókòó. Mi ò tíì dé ìdí máńgòrò tí nǹkan pupa kan fi já láti ẹ̀yìn ilé, ẹsẹ̀ mẹ́ta, eyín síta. Mo pe "Màrúwá!" Kò jọ pé ó gbọ́ orúkọ yẹn rí. Mo na wàrà sí i, ó gbó wàrà. Mo sún sápá ọ̀tún, ó sún sápá ọ̀tún. Ibi tí mo dúró sí nìyẹn, lẹ́bàá ọ̀nà, ọ̀rá wàrà lọ́wọ́ kan, fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ kejì, àwọn ọmọ iṣẹ́ yẹn ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Ìyá ń bọ̀ látinú ilé, tẹ́ẹ̀pù ìwọnṣọ lọ́rùn ẹ̀. Ó kọjú sí ilé tó wà lódìkejì ọ̀nà kó tó ké e, ó fi gbogbo ohùn ẹ̀ pè é:

"Kòkànyín! Kòkànyín o! Fi wọ́n sílẹ̀!"

Ajá yẹn padà lọ dúró tì í. Kò tíì ṣíwọ́ gbígbó. Ó ní, "Ẹ má bínú bọ̀dá, kò mọ̀ yín ni. Ẹ dúró níbẹ̀ kí n dì í mú."